Owó mi wọ bọ́ọ̀sì, èmi wà nínú igbó: bí a ṣe lọ sí omi Òwu

Bí ẹ bá fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ tí mo bá lọ yìí lọ wo omi Òwu, omi tó ń já láti orí àpáta ní Kwara, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ka èèyàn. Ẹ má tíì béèrè owó, ẹ má tíì béèrè oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n pé nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, tí dírẹ́bà ti wà lórí ìjókòó, ta ni yóò mọ̀ pé ẹnì kan ò tíì jáde nínú igbó? Wọ́n á ní àwọn ní líìsì orúkọ. Líìsì yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

N ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà n'Ílọrin tí ẹ sì ń wo WhatsApp, àwòrán wọn á ti dé ọ̀dọ̀ yín: omi funfun, ọmọge tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. 35,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ àti oúnjẹ àti afinimọ̀nà ló wà nínú rẹ̀. Èmi fi tíránsífà san tèmi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tíránsífà yẹn sọ́kàn.

Kí n tó bínú, kí n yìn wọ́n. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn mọ ohun tí ojú àwọn ará Ìfẹ́lódùn, ìjọba ìbílẹ̀ tí omi náà wà, àti Kwara Gúúsù lápapọ̀ ń rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún wa, àwọn fúnra wọn ló pè pé àwọn fijilanté abúlé ní kí a ṣì dúró ná, pé wọ́n rí ẹsẹ̀ àjèjì nínú igbó. Wọn ò purọ́ pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kó wá gbà á. Èyí wú mi lórí, òun ló jẹ́ kí n fi owó mi sílẹ̀.

Ọjọ́ tí a wá lọ, Òfà Gárèjì ni a ti pàdé. Aago méje ni wọ́n dá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń ka aago méje sí aago méje? Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Tanke, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó wọ bàtà kánfáàsì funfun tó ti fi ẹfun kùn. Ó fẹ́ fi tíránsífà sanwó, nẹ́tíwọọkì ò gbà. Ó bá ṣí pọ́ọ̀sì, ó ka owó fún ọmọkùnrin tó di fóònù líìsì mú. Ojú mi ló ṣe. Màmá kà á lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ká a, ó fi sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Màmá ní, "Ọmọ mi, o ò kọ nǹkan kan." Ó ní, "Màmá, ó ti wà lórí mi."

Orí rẹ̀ ló wà lóòótọ́. Kò wọnú fóònù.

Gánmọ̀, Àmọ̀yọ́, Ìdòfíàn, Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀nà tí gbogbo yín mọ̀, n ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. A ra wàrà lójú ọ̀nà, Màmá ló sanwó rẹ̀, ó sì pín in kárí bọ́ọ̀sì bí ẹni pé kíláàsì rẹ̀ ni wá. Nígbà tí a kúrò lójú ọ̀nà ọ̀dà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn jìgìjìgì. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn kó jókòó síwájú.

Ní Ọwá-Kájọlà, abúlé tí omi náà wà, wọ́n mú wa lọ kí àwọn àgbà, wọ́n sì fà wá lé Bàbá Ọdẹ lọ́wọ́. Bàbá yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ará abúlé ni, wọ́n kàn ń fún un ní nǹkan bí wọ́n bá kó èèyàn wá. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó, ó ń ṣa òkúta wẹẹrẹ nílẹ̀, ó ń jù wọ́n sí àpò ẹ̀wù gbérí rẹ̀. Bó bá wo ẹnì kan, ọ̀kan á wọlé. Arábìnrin kan lẹ́yìn mi sọ jẹ́jẹ́ pé oògùn ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà sínú. Èmi náà ṣe Bísímíláì. Kò sẹ́ni tó bi Bàbá léèrè.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà kọ́kọ́ gba inú oko kaṣú kọjá, ibẹ̀ tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, gbogbo wa ń ya fọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí ibẹ̀ tàn yín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igi ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lórí, ilẹ̀ tutù, òkúta ń yọ̀, gbòǹgbò na ara sójú ọ̀nà. Oṣù Kẹsàn-án ni a lọ, òjò ti rọ̀ dáadáa. Ibì kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni ẹ máa fi di gbòǹgbò mú kí ẹ tó lè sọ̀kalẹ̀. Kò sí àmì, kò sí okùn, kò sí ibi ìjókòó. Àwọn tó wọ bàtà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá nítorí fọ́tò rí màbo. Bàbá Ọdẹ dúró síbi tó burú jù, ó na igi tó mú dání sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Afinimọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ mú wá, ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí lẹ́yìn, ti wà nísàlẹ̀, ó ń ṣe fídíò.

A ti ń gbọ́ ariwo omi náà tipẹ́ kí a tó rí i. Kí a tó yọ sí i rárá, ìkuukùu rẹ̀ ti ń rẹ ojú wa.

Ẹ jẹ́ kí ìbínú dúró díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Erin-Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ipele-ipele ni tọ̀hún, ẹ ó gun kan, ẹ ó sinmi, títí dé ìkeje. Òwu ò mọ ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló já láti orí àpáta, nǹkan bí 120 mítà, kò dúró níbì kankan, ó lu ìsàlẹ̀, ó tún fò dìde. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ, omi á gbé e mì. Omi náà tutù débi pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ sí i lójijì kígbe, a ò sì gbọ́ igbe rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan la rí. Mo ti gbé ní ìpínlẹ̀ yìí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, n ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń já lójoojúmọ́ nígbà tí èmi ń bá wọn du ọkọ̀ ní Póòsì Ọ́fíìsì. Màmá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, omi tún bò ó. Ó fi sínú báàgì, ó ní òun á kúkú fojú lásán wò ó. Ó jókòó sórí òkúta, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà máa ń rọlẹ̀, torí náà bí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ nígbà òjò, kí ẹ sì fara da ilẹ̀ tó ń yọ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín oúnjẹ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Tútù. Ẹran tèmi jẹ́ eegun tí ẹlòmíràn ti bá jà. Ṣíbí ò kárí, àwa kan dúró kí àwọn kan jẹun tán kí a tó fọ tiwọn. Fún 35,000 náírà! Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì yìí.

Ìgbà tí a ń gòkè bọ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà Màmá ṣí láti iwájú dé àárín. Mo ya etí ìborùn mi, mo fi dì í. A ò lè yára mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí wọ́n ní òun ni yóò máa kẹ́yìn gbogbo wa, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn. Ó bá wa rìn díẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ bá yín mú tọ́ọ̀ṣì wá." A ò rí tọ́ọ̀ṣì, a ò rí òun náà. Ó wá ku èmi àti Màmá àti àwọn ẹyẹ. Màmá ń sọ fún mi nípa àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìwé mẹ́fà, ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá, àmọ́ ó ti di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè. Màmá dákẹ́.

Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún fún mi, ẹnu wọn sì kò. Ọmọkùnrin olíìsì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń pe orúkọ nínú fóònù. Ó pe Àìṣá, wọ́n dáhùn. Ó tún rí Àìṣá nísàlẹ̀, ó rò pé òun kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, ó sàmì sí i. Ẹ jọ̀wọ́ o, n'Ílọrin! Bọ́ọ̀sì wo ló máa kúrò ní Òfà Gárèjì tí Àìṣá inú rẹ̀ máa jẹ́ ẹyọ kan? Èmi ni Àìṣá kejì. Ní ti Màmá, kò sí nínú líìsì rárá, torí pé àwọn tí tíránsífà wọn wọlé nìkan ló kọ. Líìsì bá pé. Ó ní kí dírẹ́bà máa lọ.

Bàbá Ọdẹ dúró síwájú bọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà tẹ fèrè, kò yẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Òkúta méjì ló kù lọ́wọ́ mi."

"Bàbá, gbogbo wọn ti pé. Ó wà nínú fóònù."

"Ìyá tó dé fìlà aláwọ̀ ewé dà?"

Wọ́n ní ṣe ni gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Wọ́n yíjú wo ara wọn. Ẹni tó ní òun ń lọ mú tọ́ọ̀ṣì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń jẹ wàrà. Wàrà tí Màmá rà.

Àṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wọlé, òkúta kan ni. Bí ẹni náà bá ti jáde, Bàbá á ju ọ̀kan nù. Oògùn tí a ń gbàdúrà sí nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá, inú oko kaṣú ló ti bá wa, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀sì. Ó kí Màmá pé ó kú ìrìn, ó tẹ̀ ba, ó wo bàtà náà, ó ní ìdì náà dáa, òun á kàn tún un fún un le sí i. Bí a ṣe yọ sójú títì, ó ju òkúta méjèèjì sínú koríko. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀. Ìgbà tí Màmá bẹ̀ ẹ́ ló tó gbà. Owó tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń fún un lójúmọ́ kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan nínú wa. Òun ló sọ ọ́ fún Màmá, kò fi ṣe ẹjọ́, ṣe ló kàn dáhùn ìbéèrè.

Ọmọkùnrin olíìsì bá ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, líìsì ti pé ni."

Màmá ní, "Líìsì pé, èmi ò dé."

Kò tún bá a sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Ìlọrin. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo sọ púpọ̀. Dírẹ́bà ní kí n fi sùúrù sí i, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti dírẹ́bà náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp pé kí wọ́n dá owó Màmá padà, n ò béèrè tèmi. Arábìnrin kan dá mi lóhùn, ó kọ́kọ́ kí mi kíkí ìlà mẹ́ta. Ó wá ní, "Àǹtí wa, a ti yẹ àkọsílẹ̀ wò. Orúkọ Màmá kò sí lára àwọn tó bá wa rìn, nítorí náà kò sí owó tí a lè dá padà." Mo fi han àbúrò mi kí ó bá mi kà á, bóyá ojú mi ni. Ìyẹn ni pé wọ́n fi Màmá sílẹ̀ nínú igbó torí kò sí nínú líìsì, wọn ò sì lè sanwó fún un torí ẹni tí kò sí nínú líìsì ò sí nínú igbó. Mo ní ta wá ni Bàbá Ọdẹ lọ mú wá? Ó fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́. Ó tún ní àwọn lè yọ díẹ̀ kúrò nínú owó mi bí mo bá fẹ́ lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà lóṣù tó ń bọ̀.

Ìgbà tí mo kọ èsì gígùn lọ́nà tí mo mọ̀ pé ọ̀gá wọn á kà á, ọ̀gá náà pè. Alhaji kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Kò jiyàn. Ó gba àdírẹ́sì Màmá, ó sì mú ọmọkùnrin olíìsì dání lọ sí Tanke. Mo wà níbẹ̀, torí mo ti pinnu pé n ó rí i pẹ̀lú ojú mi. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaji kó owó náà sílẹ̀ pé, ó fi bàtà tuntun lé e, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ, Bàbá Ọdẹ ló ń pàṣẹ kí bọ́ọ̀sì tó ṣí, iye tí wọ́n ń fún un sì ti yí padà. Mo béèrè pé kí ó sọ iye náà. Ó sọ ọ́. Ó dáa.

Màmá ò tilẹ̀ wo owó. Ó wọ yàrá, ó mú rẹ́jísítà jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ nílé ìwé, ó sì jókòó ti ọmọ yẹn. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà, bí wọ́n ṣe ń sàmì ní àárọ̀, bí wọ́n ṣe ń sàmì ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó ní kí ó ṣe é lójú òun. Ó ṣì í, ó ní kí ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló ka lára owó tí wọ́n dá padà, ó tì í padà sọ́dọ̀ Alhaji, ó ní kí wọ́n kọ òun sí ti Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n sì fún òun ní rìsíìtì.

Inú bí mi ju ti ọjọ́ igbó lọ. Mo ti múra ìjà tán! Ó ní kí n jókòó kí n mu omi.

Ẹ wọ bàtà tó ní ẹ̀yìn líle. Ẹ mú owó bébà dání, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú yín. Ẹ má dá lọ, ẹ má sì lọ láì jẹ́ pé ará abúlé sọ pé igbó dára lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bá mi kí Bàbá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti ìrẹsì ni.