Máàpù National Library of Scotland fún ẹni tó ń wá agbo òkúta tó sọnù

Ẹni tó jókòó sí Adó-Èkìtì lè wo ibi tí agbo òkúta ayé àtijọ́, ìyẹn òkúta ńláńlá tí wọ́n tò yípo, wà ní ààlà England àti Wales láìná kọ́bọ̀, àfi owó dátà. Ojú-ìwé máàpù National Library of Scotland ni ẹ máa ṣí. Ẹ tẹ "Side by side", ẹ fi máàpù OS Six Inch (OS ni Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù Britain) ti 1888 sí 1915 sí apá òsì, kí ẹ fi LIDAR, ìyẹn àwòrán gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi laser wọn, sí apá ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò; máàpù méjì há jù fún ojú fóònù.

Ẹ wá Priest Weston, abúlé kan ní ààlà yẹn, kí ẹ sún díẹ̀ sí àríwá ìlà-oòrùn. Mitchell's Fold nìyẹn: nínú òkúta bí 30, bí 15 ló kù, agbo náà sì fẹ̀ tó mítà 27 sí 30. Ibẹ̀ ni kí ojú yín ti kọ́ṣẹ́, kí ẹ tó wá kiri Whetstones, agbo òkúta mìíràn tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n ti fọ́ ní ọ̀rúndún 19.

Máàpù àtijọ́ yẹn gan-an ni iyì iṣẹ́ yìí. Lẹ́tà dúdú tó nípọn, tó jọ ìkọ̀wé ayé ọjọ́un, ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí i. Èyí tó bá ti pòórá, wọ́n á kọ "Site of" sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ máa fi ojú wá.

LIDAR ló máa ń tan èèyàn jẹ. Bàálù ń tan laser sílẹ̀ láti fi wọn gíga ilẹ̀, ó sì dára fún yàrà àti òkìtì tí koríko bò. Ṣùgbọ́n bí àmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ bá bo mítà kan sí mítà kan, òkúta tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ á rá mọ́ ilẹ̀. Nínú àwòrán tí wọ́n ti yọ igi àti ilé kúrò, ìyẹn DTM, òkúta náà lè bá wọn lọ. Nítorí náà ẹ wo DSM, èyí tí wọn kò yọ wọ́n kúrò, pẹ̀lú. Ihò tí wọ́n ti fa òkúta jáde, tí erùpẹ̀ ti dí, laser kò lè rí i rárá. Ẹ̀rọ tó ń rán iná mànàmáná sínú ilẹ̀ ló lè rí i, torí pé erùpẹ̀ inú ihò kì í gba omi dúró bíi ti ilẹ̀ àyíká rẹ̀.

Ó dùn wá pé LIDAR yìí kò dé Ìkẹ́rẹ́ tàbí Adó. Kí àwọn tó ń fọ́ òkúta tó dé ìlú yín, ẹ ya máàpù òkúta tiyín sílẹ̀, ẹ má sì gbára lé GPS fóònù: ó lè fi mítà 5 ṣìnà ní gbangba, abẹ́ igi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kan èèkàn sí àárín, ẹ na téèpù mítà 30 dé ibi òkúta kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kọ́ńpáàsì wo apá ibi tó wà, kí ẹ kọ gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí àdá àti fóònù jìnnà sí kọ́ńpáàsì náà, torí wọ́n máa ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀.