Ìlù Basel àbí snare ti drum corps?

Okùn ni wọ́n fi ń fa ìlù Basel ti Switzerland le. Etí awọ kéékèèké wà lára okùn náà. Tì wọ́n sísàlẹ̀, ojú ìlù á le. Bí ó bá jẹ́ awọ ọmọ màlúù, ìrì á dẹ̀ ẹ́, Morgestraich (ìwọ́de tó ń ṣí ayẹyẹ Fasnacht ní Basel) sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 ìdájí, nínú òtútù. Máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fì sí lórí bẹ́líìtì èjìká, nítorí náà ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ di ọ̀pá láti abẹ́.

Snare ti drum corps, ìyẹn ìlù àwọn ẹgbẹ́ olórin tó ń yan, tí ó sábà fẹ̀ tó íńṣì 14, dúró gbọọrọgbọ níwájú rẹ lórí èjìká méjèèjì. Bí o bá ṣe di ọ̀pá bá ọ lára mu. Ojú Kevlar (òwú àtọwọ́dá tó le gan-an) kì í dẹ̀ nínú òjò, ṣùgbọ́n ó le bí tábìlì, ó sì ń dá ọrùn ọwọ́ lóró. Bí o bá ń fún un, yí skúrù tó dojú kọ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, kí òrùka tó di ojú ìlù mú má baà wọ́.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, Basel ló dára jù: ohùn rẹ̀ kún, ó sì ń kọ́ni ní sùúrù. Ṣùgbọ́n snare kò bo àṣìṣe kankan. Bí ìlù mẹ́jọ bá jọ lù, ẹni tó pẹ́ díẹ̀ á hàn.