Pọ́ǹpù Epo Tó Ń Han: Èwo Nínú Àwọn Oògùn Inú Táńkì Ló Yẹ Kó Gba Owó Yín?

Kí ẹ tó sanwó ìgò kankan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń dà mọ́ epo ọkọ̀, ẹ ṣe èyí ná. Ẹ jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì, ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù, ẹ rọ epo kún, kí ẹ tún wá tẹ́tí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ariwo á ti rọlẹ̀ láìsí oògùn kankan. Inú epo ni pọ́ǹpù náà ń gbé: epo ló ń tù ú lára, epo ló ń mú kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀, epo náà ló sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí epo bá ti fà, ara rẹ̀ á gbóná, ohùn rẹ̀ á sì bọ́ sí gbangba. Ìgbà wo wá ni àwọn èèyàn máa ń da oògùn sí táńkì? Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rọ epo kún ni. Táńkì kíkún ṣiṣẹ́, ìgò gba ọpẹ́. Ojú yìí ni kí ẹ máa fi wo gbogbo ẹni tó bá ní oògùn kan pa pọ́ǹpù òun lẹ́nu mọ́.

Ariwo wo gan-an?

Gbogbo pọ́ǹpù oníná ló ń kùn. Kíkùn jẹ́jẹ́ tó dọ́gba láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ṣe àìsàn. Bó bá jẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń gbọ́ ká-ká-ká, tí ọkọ̀ yín sì wà lára àwọn tó ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, pọ́ǹpù kejì ló ń dún yẹn, òun àti àwọn nọ́sù tó ń fọ́n epo. Agbára tí pọ́ǹpù inú táńkì fi ń ti epo sábà máa ń wà láàárín báà 3 sí 5 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára yìí). Ti iwájú yìí lè kọjá 200. Ariwo iṣẹ́ ni, kò sí ìgò tó máa pa á.

Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ìhan tó ń ga sí i bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí i tàbí bí oòrùn bá mú, tó wá ń dún bí ẹni pé òkúta wẹẹrẹ ń yí nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù ò rí epo tó fà nìyẹn. Ó lè jẹ́ àsẹ́ ẹnu rẹ̀ ló dí, ó sì lè jẹ́ pé epo ti gbóná débi tó fi ń di atẹ́gùn lẹ́nu pọ́ǹpù, tí atẹ́gùn kéékèèké yẹn ń bẹ́ nínú rẹ̀.

Ìgò afọdọ̀tí, ìgò ọ́ìlì

Méjì yìí làwọn olùrajà máa ń dà pọ̀ mọ́ra jù. Techron ti Chevron àti SI-1 ti Red Line jẹ́ afọdọ̀tí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ni polyetheramine, tí wọ́n ń ké kúrú sí PEA. Iṣẹ́ rẹ̀ dájú: ó ń ṣí ìdọ̀tí tó gbẹ mọ́ ẹnu nọ́sù àti ẹ̀yìn fáàfù. Àmọ́ ooru ẹ́ńjìnnì ló sun ìdọ̀tí yẹn mọ́ ibẹ̀, ooru yẹn kò sì dé inú táńkì. Kò sí èédú lára pọ́ǹpù tí PEA fẹ́ ṣí. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n níbi tó dúró sí, tàbí tó ń fà tìkọ̀tìkọ̀, ìgò yìí ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí nínú gbogbo wọn. Fún pọ́ǹpù tó ń han, rárá.

Ọ̀nà mìíràn ni Marvel Mystery Oil àti Fuel Treatment ti Lucas ń tọ̀. Ọ́ìlì ló pọ̀ jù nínú wọn, àlàyé wọn sì mọ́gbọ́n wá: pẹtiróòlù kò yọ̀ tó, ọ́ìlì díẹ̀ nínú rẹ̀ á dín bí irin ṣe ń họ irin kù. Bí ìyàtọ̀ kankan bá máa wà nínú ohùn pọ́ǹpù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń retí rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n. Ti Marvel jẹ́ áńsì 4 sí gálọ́ọ̀nù 10 ti Amẹ́ríkà, ìyẹn bíi mìlílítà 120 nínú líítà 38. Mìlílítà mẹ́ta péré ló bọ́ sínú líítà kan. Ìyẹn lè mú kí pọ́ǹpù tó ń họ ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Kò lè dá kábọ̀n (èyí tó ń gbé iná wọ inú pọ́ǹpù) tó ti jẹ tán padà, kò lè tún béárìn ṣe, kò sì lè ṣí àsẹ́ tó dí. Bí epo yẹn bá sì ti tán, ọ́ìlì náà tán nìyẹn.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ dísù, tiyín yàtọ̀. Nígbà tí àwọn ilé ìfọpo ń yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú dísù, ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ọ́ tún kó lára ohun tó ń mú epo náà yọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlànà EN 590 ti ilẹ̀ Yúróòpù fi sọ pé bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù irin kékeré họ irin nínú dísù, àpá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju máíkírómítà 460 lọ. ASTM D975 ti Amẹ́ríkà gbà á dé 520. Nítorí náà, oògùn tó ń mú dísù yọ̀ kì í ṣe àròsọ. Ìgò tí wọ́n kọ dísù sí lára ni kí ẹ rà ṣá o, kí ẹ sì mọ̀ pé epo tó bá ìlànà mu ti tó yọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Sea Foam àti àwọn yòókù

Sea Foam dúró sáàárín: ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́, náfíta àti ọtí isopropyl ló wà nínú rẹ̀. Áńsì kan sí gálọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ń dà, bíi mìlílítà 8 sí líítà, ó ju ìlọ́po méjì ti Marvel lọ. Nǹkan bí ìdajì agolo rẹ̀ ló jẹ́ ọ́ìlì, nítorí náà ọ́ìlì tó ń bọ́ sínú epo yín kò kéré sí ti Marvel, àfi pé agolo á tètè tán.

Ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí ni táńkì tó ti pẹ́. Ẹ wo àsẹ́ tí wọ́n yọ lẹ́nu pọ́ǹpù ọkọ̀ àgbà: funfun ni tẹ́lẹ̀, ó ti di dúdú, ó ti le gbagidi, bí ẹ bá sì fi èékánná họ ọ́, ẹrẹ̀ pupa tó ń lẹ̀ á tẹ̀lé èékánná bọ̀. Irú ẹrẹ̀ yẹn wà nísàlẹ̀ táńkì. Ohun tó bá tú u lójijì, ẹnu àsẹ́ ló ń kó o lọ, pọ́ǹpù á wá han ju ti àná lọ.

HEET (ìgò yẹ́lò, methanol) àti ISO-HEET (ìgò pupa, isopropanol) wà fún omi inú táńkì. Bí omi bá ti wọ epo yín, ẹ ra pupa, torí methanol a máa jẹ irin àti rọ́bà. Ọtí kì í mú irin yọ̀, ẹ má retí ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀. Ti àwọn tó ń po tiwọn nílé, ọ̀rọ̀ kò gùn: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń ba kátálísì tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ jẹ́, acetone sì ń ba rọ́bà jẹ́.

Ìdánwò tí kò ní tàn yín

Ẹ mú ìwọ̀n epo kan, ká ní ìdajì táńkì, kó jẹ́ orí rẹ̀ nìkan lẹ ó ti máa gba ohùn sílẹ̀. Kó jẹ́ òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó gbóná. Ẹ ti wíńdò, ẹ gbé fóònù sí ojú kan náà lórí àga ẹ̀yìn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ́ńjìnnì kò sì ní bo ohùn rẹ̀. Ẹ lo táńkì kan láìsí oògùn, òmíràn pẹ̀lú oògùn, kí ẹ tún padà sí èyí tí kò ní oògùn. Ẹ̀kẹta yìí làwọn èèyàn kì í ṣe, òun gan-an sì ni ẹlẹ́rìí: bí oògùn ló mú ohùn rọlẹ̀, ó yẹ kó tún ga bí oògùn bá lọ. Bí kò bá ga, nǹkan mìíràn ló yí padà, bóyá ojú ọjọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹlòmíràn ṣí àwọn ohùn náà fún yín láìsọ èwo ni èwo. Etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ tó bá kéré sí dẹ̀síbẹ̀lì 3. Bí ẹ kò bá lè tọ́ka sí èyí tó ní oògùn, ìgò kejì kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

Tèmi ni pé, ọlọ́kọ̀ pẹtiróòlù tó bá ní dandan òun á ra nǹkan, kó ra ìgò ọ́ìlì kan ṣoṣo, kó sì fi í ṣe ìdánwò yìí. Kó tó rà á, kó ti wo fílítà epo, kó wo rọ́bà tó gbé pọ́ǹpù dúró bóyá ó ti le, kó sì wo bóyá páìpù epo kan ń fara kan irin ọkọ̀, torí gbígbọ̀n lásán a máa di ariwo nínú mọ́tò. Kó tún fi nọ́ńbà ṣásí wádìí bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà fún àtúnṣe. Ní 2020, Toyota àti Honda pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà nítorí ike tó ń yí nínú pọ́ǹpù Denso, tó lè wú kó sì ṣẹ́po. Ìgò wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe?

Bí ọkọ̀ bá ti ń kú lójú ọ̀nà nígbà tó bá gbóná, ẹ fi ìdánwò sílẹ̀, ẹ pàrọ̀ pọ́ǹpù. Ẹ pàrọ̀ àsẹ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù kì í gba èyí tó bàjẹ́ padà bí wọ́n bá rí i pé àsẹ́ àtijọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀.