Ẹ̀dà Crime and Punishment tí mo rà ní Ìkòròdú

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Sábó, ní Ìkòròdú, ni mo ti ra ìwé ìtàn àròsọ yìí, tí Fyodor Dostoevsky, òǹkọ̀wé ọmọ Rọ́ṣíà, kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1866. Raskolnikov, olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà tó túmọ̀ sí ìyapa, fi àáké pa ìyá arúgbó tó ń gba ohun ìdógò yáni lówó, síbẹ̀ ọwọ́ kan náà ló fi fún opó Marmeladov, ọ̀mùtí kan tó mọ̀, ní 20 nínú 35 rúbù, owó Rọ́ṣíà, tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i, kí obìnrin náà lè fi sìnkú ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Ìwé náà tó owó rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ewé méjì ti já kúrò lára tèmi. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó.