Ìhòòhò kọ́ ni wàhálà ibẹ̀: àgbéyẹ̀wò ibùdó àgọ́ kan ní etí òkun Médoc

Ohun tí ará Ìbàdàn máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa ibùdó yìí ni pé, "Ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í wọṣọ?" Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sùn síbẹ̀ fún òru méjì péré á rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ ló yẹ kí òun kọ́kọ́ bi wọ́n. Irú èèkàn wo ló ń di yanrìn mú? Báwo ni òtútù òru ṣe máa ń rí? Áńpíà mélòó ni iná tí wọ́n fà sí púlọ́ọ̀tì? Òkun yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣeé wọ̀? Ìhòòhò kì í pẹ́ mọ́ni lára. Yanrìn, òtútù, iná àti omi ló ń ba ìsinmi jẹ́ níbẹ̀, orí wọn la ó sì pẹ́ sí jù.

Médoc ni ilẹ̀ tó yọ ṣóńṣó sáàárín odò Gironde àti Òkun Àtìláńtíìkì, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Wáìnì ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n lápá òkun, igbó igi páìnì ló gbalẹ̀. Lẹ́yìn igbó ni òkìtì yanrìn, lẹ́yìn òkìtì ni omi. Àṣà kí ènìyàn máa sinmi láìwọṣọ kì í ṣe tuntun níbẹ̀: ọdún 1950 ni wọ́n dá ibùdó ńlá ti Montalivet sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn aláìwọṣọ, INF, sílẹ̀ ní 1953. Èyí tí à ń sọ yìí kéré sí ìyẹn fíìfíì. A ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí a ní ẹ̀sùn sí i. Ibùdó bó-bá-wù-ọ́ ni: ẹni tó fẹ́ wọṣọ á wọ̀ ọ́, ẹni tí kò fẹ́ á bọ́ ọ. Máàkì 7 nínú 10 la fún un.

Yorùbá ní aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn. Níbẹ̀, kò sí aṣọ tí wọ́n máa kí, ènìyàn gan-an ni wọ́n ń kí, "bonjour" ní gbogbo kọ̀rọ̀, ojú sí ojú. Òfin wọn kò pọ̀, àmọ́ wọn kì í fi ṣeré. Táwẹ́lì tiyín gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìdí yín níbikíbi tí ẹ bá jókòó sí, ìbáà jẹ́ àga ilé ọtí, ìbáà jẹ́ bẹ́ǹṣì, ìbáà jẹ́ àga aládùúgbò tó pè yín wá mu kọfí. Ẹ ò gbọdọ̀ ya fọ́tò níbi tí ẹlòmíì wà. Fóònù tí ẹ gbé sókè lásán láti wá nẹ́tíwọ̀kì pàápàá máa ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, nítorí náà ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ibi tí bó-bá-wù-ọ́ parí sí ni adágún ìwẹ̀: dandan ni kí ẹ bọ́ṣọ níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ṣòkòtò péńpé wọ omi. Ní ọ́fíìsì àti nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ró nǹkan mọ́ra. Ẹni tó bá sì wá wòran, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lé e. Ibi ìṣekúṣe kọ́ rárá.

Lórí ọ̀rọ̀ ríró nǹkan mọ́ra yìí, ọwọ́ Yorùbá yọ ju ti òyìnbó lọ. Wọ́n ń ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní paréo, owó gọbọi, afẹ́fẹ́ òkun sì máa ń gbé e kiri. Àǹkárá ọ̀pá méjì láti Gbági sàn jù ú lọ. Ẹ ró o láti àyà bí ẹni tó ń ti balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bọ̀, ẹ fi lọ ra búrẹ́dì, ẹ tẹ́ ẹ sórí àga, ẹ fi bora bí ilẹ̀ bá ṣú. Mẹ́rin ni kí ẹni méjì mú lọ, torí aṣọ tó bá ti gba iyọ̀ òkun kì í gbẹ tán lóru.

Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, àmọ́ kò díjú títí ẹ ó fi dé òpin rẹ̀. Láti Ìkẹjà, bàálù dé Paris. Láti ibùdókọ̀ Montparnasse, ọkọ̀ ojú irin TGV dé Bordeaux, wákàtí méjì lé díẹ̀. Láti Bordeaux, ọkọ̀ ojú irin kékeré dé Lesparre. Láti Lesparre dé etí òkun ku nǹkan bí 20 kìlómítà, ibẹ̀ ni ìrìn ti máa ń dákú, nítorí bọ́ọ̀sì kò pọ̀, lọ́jọ́ Àìkú ó tún dín sí i. Ẹ kọ̀wé sí ibùdó ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n bá yín wá takisí dúró. Ẹ má di kílíṣì, ẹran gbígbẹ tàbí wàrà sínú ẹrù, wọn ò gbà á wọlé. Gaàrí kò ní wàhálà.

Ó wá kan àgọ́. Púlọ́ọ̀tì wọn jẹ́ 10 mítà sí 10 mítà, kì í ṣe àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ọgọ́rùn-ún tiwa, ṣùgbọ́n ó gba àgọ́ ẹni mẹ́ta, tábìlì àti okùn ìsáṣọ. Yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ náà, ewé páìnì tó rí bí abẹ́rẹ́ ló bò ó lórí. Ẹ ó wò ó bí ilẹ̀ tó le, irọ́ ni. Èèkàn wáyà tó bá àgọ́ wá, èyí tí kò ju 18 sẹ̀ǹtímítà lọ, àtàǹpàkò lásán ló máa tì í wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa yọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀sán bá dé. Èèkàn yanrìn ni kí ẹ wá: 30 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, èyí tó fẹ̀ tí ó sì tẹ̀ bíi lẹ́tà V. Ẹ gún un ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí orí rẹ̀ fì sẹ́yìn kúrò lápá àgọ́. Bí kò bá sí, ẹ wá àpò tó nípọn, ẹ rọ yanrìn kún un, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wọ́ yanrìn padà lé e. Afẹ́fẹ́ tó bá máa fa ìyẹn jáde á ti kọ́kọ́ fa àgọ́ ya.

Òkun wà ní ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ̀yìn àgọ́ ni kó kọ síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn wo ìlà-oòrùn. Kí ẹ tó tẹ́ ohunkóhun, ẹ gbá ewé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò, torí ó ń gún bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ lu. Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú: abẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ kò yẹ kí ènìyàn sùn, oje páìnì tó bá sì kán sórí àgọ́ kì í fi bọ̀rọ̀ lọ. Tapólì abẹ́ àgọ́ kò gbọdọ̀ yọ jáde kọjá etí àgọ́. Èyí tó bá yọ á gba òjò, á sì darí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn yín.

Ẹ̀sùn wa àkọ́kọ́ rèé. Púlọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ ni wọ́n fún wa, ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n gbé wa sí, iná ibẹ̀ ò sì kú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ará Ìbàdàn wo ló rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ mú iná lọ? Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bó ṣe jìnnà sí ilé ìwẹ̀ tó. Ọgbọ̀n sí ọgọ́ta mítà ló dára.

Òtútù ló ń mú àwọn tó ti Ìbàdàn lọ láìròtẹ́lẹ̀. Ní July, oòrùn lè mú ju ti Mókọ́lá lọ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru ó lè já sí ìwọ̀n 14 °C, ọyẹ́ tiwa kò sábà dé ibẹ̀. Ilẹ̀ ni òtútù náà ti ń wá, kì í ṣe òkè, ìdí nìyẹn tí bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ lásán kì í fi í tó: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tutù mọ́ ènìyàn lẹ́yìn. Fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sàn jù, kí ẹ sì sùn nínú àpò ìsùn tí wọ́n kọ ìwọ̀n 10 sí lára. Ẹ má ti gbogbo fèrèsé àgọ́ pa nítorí òtútù. Èémí ẹni méjì á di omi sára àgọ́, á sì máa kán sí yín lójú títí di àárọ̀.

Iná àti oúnjẹ gba ìṣirò. Púlọ́ọ̀tì oní-áńpíà 6 ló rọ̀ jù lówó, wáàtì bíi 1380 ló lè gbé. Ti áńpíà 10 á gbé 2300. Kẹ́tù Nàìjíríà kan máa ń jẹ tó 2000. Ẹ tan án lórí áńpíà 6, bíréékà lè já, inú àpótí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì ni bíréékà náà sì wà. Bó bá já lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀sùn wa kejì nìyẹn. Ẹ ra kẹ́tù kékeré ìrìn-àjò tí kò ju 1000 wáàtì lọ. Orí wáyà yín kò ní wọ ihò wọn: ihò búlúù oníròbótó tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò, ọ́fíìsì máa ń yáni ní èyí tó bá a mu.

Ẹ má ronú èédú tàbí igi. Láti ìgbà tí iná ti jó igbó La Teste-de-Buch àti Landiras ní agbègbè Gironde kan náà ní 2022, wọn ò fẹ́ rí ẹ̀ṣẹ́ iná kan lábẹ́ páìnì. Gáàsì ni. Bàálù kì í gbé agolo gáàsì, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹ ó ti rà á, ẹ sì mójú tó orí rẹ̀: àwọn kan jẹ́ oní-kílíìkì, àwọn kan, lílọ́ ni wọ́n ń lọ́ wọn wọlé, ọ̀kan kì í wọ èkejì. Ẹ ra sítóòfù àti agolo pa pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Agolo 450 gíráàmù á jó bíi wákàtí méjì bí ẹ bá tan án dé òpin, ẹ̀wà ìkòkò kan lè jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìrẹsì, ẹyin, ẹja inú agolo àti gaàrí ló bá irú iná bẹ́ẹ̀ mu. Búrẹ́dì gbígbóná, alẹ́ àná rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún un.

Ilé ìwẹ̀ mọ́, omi gbígbóná wà láàárọ̀ ju alẹ́ lọ. Ó parí.

Awọ dúdú ń jóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ibi tí aṣọ ti ń bò láti ìgbà tí wọ́n ti bíni, oòrùn kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì ń ta bí ata. Ìpara oòrùn tí wọ́n kọ SPF 50 sí lára fún ìdí, àyà àti abẹ́, ẹ tún un fi ní wákàtí méjì méjì àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde nínú omi. Eégbọn wà nínú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí ẹ bá ti igbó dé, ẹ yẹ abẹ́ orúnkún, abíyá àti agbede itan wò, irú ibi bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ràn jù.

Òkun ibẹ̀ lẹ́wà, ó sì lè pani. Bí omi bá fà sẹ́yìn, ẹ ó rí adágún kéékèèké láàárín òkìtì yanrìn inú omi àti èbúté, omi wọn tutù minimini, ó wuni láti wẹ̀. Baïne ni wọ́n ń pè é. Ojú kan ni omi inú rẹ̀ ń gbà jáde sí òkun, ìgbà tí òkun bá ń fà lọ ni ojú yẹn sì ń le jù, á wọ́ àgbàlagbà bí ìgbà tí àgbàrá wọ́ pàǹtí. Ará Ìbàdàn mọ ohun tí omi lè ṣe, Ògùnpa ti 1980 ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà. Bó bá gbé yín, ẹ má wẹ̀ padà sí èbúté tààrà, okun yín ló máa tán. Ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ kan sókè, ẹ jẹ́ kó gbé yín títí agbára rẹ̀ á fi rọ̀, kí ẹ tó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Àárín àsíá méjì tó jẹ́ pupa àti yẹ́lò ni àwọn olùṣọ́ òkun ń ṣọ́. Bí àsíá pupa pátápátá bá wà lókè, kò sí ìwẹ̀. Olùṣọ́ kì í sí níbẹ̀ lóṣù gbogbo, kì í sì í ṣe ibi tí àwọn aláìwọṣọ ń jókòó ni wọ́n sábà máa ń dúró sí; ẹ bi ọ́fíìsì ní ọjọ́ tí ẹ bá dé.

June ṣáájú ìsinmi ilé ìwé, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ September, ni owó wọn dín, àyè sì wà. Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́, ẹ gbọn yanrìn kúrò nínú síìpù àgọ́, òun ló ń jẹ eyín síìpù. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, tí ẹ sì ká àgọ́ ní tútù, ẹ tẹ́ ẹ sórí bálíkónì ní ọjọ́ tí ẹ bá délé, torí ooru Ìbàdàn kò ní jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta kó tó bu.