Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ lórí oògùn oko ní Iléṣà: ẹ̀kọ́ dára, ìbọ̀wọ́ kò dára

Owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe é, àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò san kọ́bọ̀. Apá tó gbayì jù ni wíwọn oògùn. Ẹ wọn ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10, ẹ pọn omi lásán sí páńpù, kí ẹ fín in bí ẹ ṣe máa ń rìn gan-an. Tó bá gba lítà 2, hẹ́kítà kan, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò gba lítà 200, ìyẹn páńpù onílítà 16 méjìlá àbọ̀. Bí wọ́n bá kọ lítà 2 oògùn fún hẹ́kítà sára ike, mílílítà 160 ló kan páńpù kọ̀ọ̀kan. Ìdérí ike tí ọ̀pọ̀ fi ń bù ú kì í ṣe òṣùwọ̀n; ohun tó ń jẹ́ kí ewé jóná nìyẹn, tàbí kí kòkòrò má kú.

Wọ́n sọ ọ́ kedere pé NAFDAC ti fòfin de paraquat, oògùn apakoríko, láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ti ike òfìfo náà péye: ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi rẹ̀ sínú páńpù, ẹ gún ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ra epo.

Ìbọ̀wọ́ aláwọ ni wọ́n wá pín! Awọ ń fa oògùn mu, á sì máa rin ọwọ́ lọ. Rọ́bà nitrile gígùn ló yẹ. Ìbòmú aláṣọ kò dá òórùn oògùn dúró. Fìlà alákọlé pọ̀ ṣá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló jẹ owó ìbọ̀wọ́. Ẹ lọ, àmọ́ ẹ ra ìbọ̀wọ́ tiyín.