Ìkìlọ̀: Ẹ má ra àgádágodo aláago lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gbé e wá sí Kútọ̀

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ máa ń ra àgádágodo aláago, ìyẹn èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí àkókò tẹ́ ẹ fi sí i bá pé, láti fi de ara yín fún ìgbádùn nínú yàrá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp àti Instagram, gáréèjì Kútọ̀ ló sì máa ń ní kí oníbàárà ti wá gba ẹrù. Ohun tó ń kó fún èèyàn yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fọ́tò rẹ̀, ó sì lè pa ẹni tó bá fi de ara rẹ̀ lóun nìkan.

₦38,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Kí n tó fi kan ara mi rárá, mo gbé e sórí tábìlì, mo fi sukudíráfà tú u. Sípíríǹgì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti ọ̀pá irin kékeré wọ ihò tó fi ń tì. Kóìlì wáyà ló gbọ́dọ̀ fa irin yẹn padà kó tó lè ṣí, bátìrì ló sì ń fún kóìlì lágbára. Ẹ rí i pé bí bátìrì bá kú, títì ló máa wà. Mo tò ó padà, mo tì í mọ́ ẹsẹ̀ àga, mo jẹ́ kí aago máa kà, mo wá yọ bátìrì. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò ṣí. Nígbà tí mo dá bátìrì padà, ó ti gbàgbé iye tó kù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti wákàtí mẹ́ta.

Fọ́tò ọjà yẹn fi ihò kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì hàn nídìí rẹ̀. Tèmi náà ní ihò, àmọ́ inú ike lásán ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ dí gbọin. Kọ́kọ́rọ́ tó bá a wá kò ríbi wọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó fi nọ́ńbà tó ń tàn lójú aago tàn yín. Iná díẹ̀ ni ojú aago ń lò, kóìlì ló ń jẹ iná gan-an. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè ka aago dé òdo kó má lágbára láti fa irin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ á rí òdo, kò ní rí ìtúsílẹ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 2020, ilé-iṣẹ́ Pen Test Partners nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń yẹ ààbò ẹ̀rọ wò, tú u síta pé ìdè kan tí àwọn ọkùnrin fi ń ti nǹkan ọmọkùnrin wọn, tí wọ́n ń pè ní Cellmate, tí wọ́n ń fi fóònù ṣí, ṣeé tì láti ọ̀nà jíjìn mọ́ gbogbo ẹni tó ní in, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè 0.02 bitcoin lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó.

Èyí tó dáa ni èyí tó máa ṣí nígbà tí iná bá lọ. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná ń ṣe bẹ́ẹ̀: iná ló fi ń di irin mú, bí NEPA bá mú iná, ó tú yín sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ń fi okùn so kọ́kọ́rọ́ sínú omi dídì, kó já bọ́ sọ́wọ́ wọn bó bá yọ́. Ìyẹn kò nílò bátìrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ló ń pinnu ìgbà tó máa yọ́. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, kọ́kọ́rọ́ kejì àti kọ́tà tó ń gé irin gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín tó wà nínú ìdè lè tó. Ẹ má de ọrùn láéláé. Bí ẹ̀yìn àtàǹpàkò bá ti ń kú tipiri, ìdè ti ń tẹ iṣan ara nìyẹn, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán sì máa pè yín ní àkókò tẹ́ ẹ jọ fi sí.

Ohun tó dùn mí jù lọ nìyí. Mo ní kí ọkùnrin tó tà á fún mi dá owó mi padà, ó ní òun á fi gbogbo ohun tá a jọ sọ ránṣẹ́ sáwọn ará ilé mi. Ẹlòmíì tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ó halẹ̀ mọ́ òun náà, ó sì gba owó kún owó. Ìtìjú wa ló fi ń ṣòwò. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mọ́, ẹ pe báǹkì yín nípa owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Òfin Cybercrimes ti 2015 ka irú ìhàlẹ̀ gbowó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn, ohun yòówù kẹ́ ẹ rà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gbé e lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ mú ẹni tó mọ òfin dání.

Ó ti yí orúkọ ojú ewé rẹ̀ padà. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀ ni pé owó rẹ̀ pé pérépéré ló ń gbà kó tó sọ ibi tẹ́ ẹ máa pàdé, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tú páálí lójú òun. Ẹni yòówù kó máa tà á fún yín, ẹ ní kó tì í, kó sì yọ bátìrì rẹ̀ níwájú yín. Bó bá kọ̀, ẹ mú owó yín lọ sílé.